Ta Ló Kọ́kọ́ Ja Gídígbò?

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni wọ́n ń gbà lóṣù kan ní Àpápá báyìí láti kọ́ ọmọ ọmọ mi bí ènìyàn ṣe ń ṣubú. N kò ṣe àsọdùn. Júdò ni wọ́n pe ohun tó ń kọ́, olùkọ́ rẹ̀ sì fi sùúrù ṣàlàyé fún mi, bí ẹni ń bá odi sọ̀rọ̀, pé kí ọmọ tó kọ́ bí a ṣe ń gbé ẹlòmíràn ṣánlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe ṣubú. Owó aṣọ funfun lọ́tọ̀, owó bẹ́líìtì lọ́tọ̀, owó tìmùtìmù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kí ìdí ọmọ olówó má baà dùn ún, ìyẹn náà lọ́tọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dúpẹ́. Nígbà tiwa, àkàrà kọ́bọ̀ kan a yó ọmọ méjì, ìṣubú sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Iyanrìn Ajégúnlẹ̀ kò béèrè fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n tún gbé ìtàn júdò kọ́ sára ògiri: ẹni tó dá a sílẹ̀ nìyí, ìlú rẹ̀ nìyí, túbọ̀mu rẹ̀ nìyí. Ọmọ ọmọ mi ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Lọ́jọ́ tí mo bá a débẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó tò láti èbúté Tin Can bí ẹni ń retí àjíǹde, ó yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá àgbà, gídígbò tiyín ńkọ́, ta ló dá a sílẹ̀?"

Mo ní kó jẹ́ kí n mu omi ná. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n jù ni. Ọkùnrin mẹ́rin tó mọ ẹni tó dá gídígbò sílẹ̀ ló tọ́ mi dàgbà, mẹ́ta nínú wọn sì jọ ń lo ilé ìwẹ̀ kan náà ni.

Òórùn ìyẹ̀fun ló máa ń jí mi nígbà náà. Atẹ́gùn a gbé e wá láti ọ̀nà Àpápá níbi tí wọ́n ti ń lọ àlìkámà, a gba Creek Road, a he òórùn epo ọkọ̀ àti ti ẹja gbígbẹ mọ́ra, nígbà tó bá sì fi dé ojú fèrèsé wa ní Ajégúnlẹ̀, kòtò ẹ̀gbin iwájú ilé á ti fi tirẹ̀ jíǹkí i. Bàbá mi a fà á símú, a ní, "Búrẹ́dì ọ̀la nìyẹn." Kì í sọ̀rọ̀ nípa búrẹ́dì tòní. Akọ̀wé tó ń ka ẹrù ní wọ́ọ̀fù ni bàbá mi, láti apá Ọ̀ṣun ló ti wá, ó sì gbà pé gbogbo ohun tó dára láyé, apá Ọ̀ṣun ni òun náà ti wá. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ràn: "Ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni." Bó ṣe ń fi bísímílà bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

Yàrá kejì sí tiwa ni Ebí ń gbé pẹ̀lú bàbá àti ìyá rẹ̀. Ará odò ni wọ́n, láti ìhà Bùrútù. Bàbá rẹ̀ wà nínú àwọn tó ń fi ọkọ̀ pẹrẹsẹ kó ẹrù láti inú ọkọ̀ ojú omi ńláńlá wá sí èbúté. Ebí ni ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní. Àwọn ọmọ yòókù ní mo ti ka ìwé jù, Ebí nìkan ni kò kà á sí mi lọ́rùn. Bí mo bá yọ lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ máa wo ẹ̀yìn mi, ẹ ó rí i, ẹsẹ̀ lásán, bàtà lọ́wọ́, kí bàtà má baà gbó.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwa méjèèjì a lọ sórí iyanrìn tó wà lẹ́yìn ilé, a wọ̀yá ìjà. A kò ní òfin. Gídígbò wa a máa parí nígbà tí ẹnì kan bá bú sẹ́rìn-ín tàbí tí iyanrìn bá kó sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà a dìde, a gbọn ara wa, a lọ pọn omi. N kò rántí ọjọ́ kan tí a béèrè ẹni tó borí.

Àwọn àgbà ni ìbéèrè yẹn ń pa.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn ìsìn àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì àti ìrun ọ̀sán àwa tiwa, àwọn ọkùnrin ilé jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi fúrúùtù. Wọ́n rí wa níbi tí a ti ń yí nílẹ̀. Bàbá mi ní, "Ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni." Mo mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

Ó ní ìran òun ló dá gídígbò sílẹ̀. Ọdẹ kan nínú ìran wọn ni ọfà tán lọ́wọ́ rẹ̀ nínú igbó tí ìnàkí sì yọ sí i. Ọdẹ kò ní ohun ìjà, ìnàkí kò ní ohun ìjà, wọ́n bá gbá ara wọn mú. Ìgbà tí orúnkún ìnàkí kan ilẹ̀, ẹranko náà tú ọwọ́, ó tẹrí ba, ó wọgbó lọ. "Láti ọjọ́ náà," ni bàbá mi wí, "bí orúnkún bá ti kan ilẹ̀, ìṣubú ni. Ìnàkí pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Bàbá Ebí tu itọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjú sí bàbá mi. "Papa Ràsákì, àbẹ̀gí! Èèyàn tó bá ń tu ọkọ̀, kí ló fi ń dúró? Orúnkún! Bí orúnkún bá jẹ́ ìṣubú, a jẹ́ pé gbogbo ìran mi ti ṣubú láti Bùrútù títí dé Lagos." Ó ní lábẹ́ omi ni gídígbò ti wá. Apẹja kan ló rì, àwọn ará omi sì ní àwọn kò ní í dá a padà àfi tí ó bá bá àwọn jà. Níbẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún gbogbo ènìyàn, ta ni yóò wá máa ka orúnkún? Ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń kà. Bí ẹ̀yìn kò bá kan ilẹ̀, ìjà kò tíì parí.

Bàbá mi ní, "Ẹni tó bá kúnlẹ̀ ti ń kí ni, Bàbá Ebí. Kí àyà tó kan ilẹ̀ nínú ìdọ̀bálẹ̀, orúnkún ló ń kọ́kọ́ kàn án. Ìkíni dé, ìjà parí. Àbí ẹ̀yin kì í kí ara yín lódò ni?"

"A máa ń kí ara wa. Èèyàn la ń kí, a kì í kí mọ́ńkè."

Bàbá Onílé, tí ó ti ń toogbé, lajú nígbà náà. Ọmọ ìbílẹ̀ ni, àwọn baba rẹ̀ ló ni ilẹ̀ láti kòtò ẹ̀gbin títí dé ibi tí ọmọdé kì í dé. Ó ní ẹ̀yin àlejò ni ẹ ń da ara yín láàmú. Orí ilẹ̀ yìí gan-an ni gídígbò ti bẹ̀rẹ̀. Baba ńlá òun bá àjèjì kan pàdé lórí iyanrìn nígbà tí ohun gbogbo ṣì jẹ́ akàn àti ẹrẹ̀. Kò sí àdá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n jà láti ìgbà tí omi kún títí tó fi fà, ẹni tó bá sì borí ló nilẹ̀. "Ohun tó jẹ́ kí ẹ máa san owó ilé fún mi nìyẹn," ló fi parí rẹ̀. Kò sí ìtàn kan tí Bàbá Onílé sọ rí tí kò gba ẹnu ọ̀nà owó ilé jáde.

Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé ọkùnrin kẹrin, Tísà wa ní ilé ẹ̀kọ́. Tísà ní ìran Gíríìkì ló dá ìjàkadì sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ ní àwòrán ọkùnrin méjì tí wọ́n gbá ara wọn mú ní ìhòòhò ọmọlúàbí, ó ní ọ̀làjú nìyẹn. Nígbà tí ó ká èmi àti Ebí mọ́ ẹ̀yìn kíláàsì tí a ń ṣe ọ̀làjú náà pẹ̀lú ṣòkòtò nídìí, ẹgba ló fi dá wa lọ́lá, ó ní ìwà ìgbẹ́ ni.

Kí n padà sábẹ́ igi. Ọ̀rọ̀ náà gbóná. Wọn kò lè bá ara wọn jà, nítorí bàbá mi wọ agbádá, ẹ̀yìn sì ń dun Bàbá Ebí. Àgbà tí kò fẹ́ kí aṣọ òun ya a máa rán ọmọ rẹ̀ níjà. Wọ́n fẹnu kò pé ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, èmi àti Ebí yóò jà á lójú gbogbo ilé, ìran tí ọmọ rẹ̀ bá borí ló ni gídígbò. Bàbá mi tún fi èyí kún un, ó ń wo ojú mi: "Ọmọ tó bá ṣubú kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ èkejì mọ́. A kì í bá ẹni tó dá ni lójú ayé ṣe wọléwọ̀de, ẹ̀gàn ni."

Bàbá Ebí ní, "I gree! Kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́." Ìyẹn ni ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbé pọ̀.

Ẹ wo ọ̀ràn náà bí àwa méjì ṣe wò ó. Bí mo bá ṣubú, n kò ní ọ̀rẹ́ mọ́. Bí Ebí bá ṣubú, n kò ní ọ̀rẹ́ mọ́. Bàbá mi tó ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò ní wọ́ọ̀fù kò ka eléyìí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni oúnjẹ ń korò lẹ́nu mi. Ìyá mi bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ní inú ń run mí, ó fún mi ní àgúnmu. Àgúnmu náà tún korò.

Ebí ló ronú ọ̀nà àbáyọ. A ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, ó dúró lójijì, ó ní, "A jọ máa ṣubú pọ̀ ni. Lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni wọ́n máa mú?"

Mo ní, "Bí o bá ti ń lọ sílẹ̀, èmi náà á lọ."

"Bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ rẹ, o ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀."

A bọ ara wa lọ́wọ́. Nínú gbogbo àdéhùn tí mo ti fọwọ́ sí láyé, èyí tí lọ́yà kọ àti èyí tí onílé kọ, n kò rí èyí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àbùkù kan ló wà lára rẹ̀: a kò bi ara wa léèrè ohun tí à ń pè ní ìṣubú.

Sọ́ńdè dé. Wọ́n gbé bẹ́ńṣì jáde, àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n, àwọn ará ilé kejì gun fẹ́ńsì. Bàbá Onílé ni rẹfirí, nítorí ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹnì kan ń pariwo pé, "Ràsákì oníwèé, fi lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé gbé e!" Òmíràn ní, "Ebí, no fear, ó ń gbọ̀n!" A gbá ara wa mú. Òógùn rẹ̀ ń rùn bí ẹja yíyan, etí rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹnu mi. Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ó yá." Ó gbé ẹsẹ̀ mi.

Ó fi orúnkún kan lélẹ̀. Fún ọmọ ọlọ́kọ̀ ojú omi, bí èèyàn ṣe ń múra láti lọ sílẹ̀ nìyẹn, ìṣubú gan-an ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Fún èmi ọmọ ìran ọdẹ, ó ti ṣubú tán. Mo yára fi orúnkún tèmi náà lélẹ̀ kí n má baà fi ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀, mo wá túra sílẹ̀, inú mi dùn pé ó ti parí. Èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀. Ebí, tó ṣì ń mú àdéhùn ṣẹ, fà mí, ó yí wa dànù kí ẹ̀yìn wa méjèèjì lè jọ kan ilẹ̀. Bí n kò bá tíì túra sílẹ̀ ni, à bá jọ ṣubú bí a ṣe wí. Ṣùgbọ́n mo ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, apá mi òsì wà lábẹ́, Ebí wà lókè. Mo gbọ́ tí apá náà dún "páù" bí igi ìdáná.

Bàbá mi fò sókè: "Orúnkún ọmọ wọn ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀! A ti borí!"

Bàbá Ebí fò sókè: "Ẹ̀yìn Ràsákì ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀! We don win!"

Ẹ gbà mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìdajì ilé ń gbé bàbá mi kiri, ìdajì ń gbé Bàbá Ebí. Wọ́n yí Bàbá Onílé ká pé kó dájọ́. Ó ronú, ó ní, "Orí ilẹ̀ tèmi ni àwọn méjèèjì ṣubú sí. Èmi ni mo borí." Ní gbogbo àkókò yìí, Ebí nìkan ló ń wo apá mi, tó ń sunkún, tó ń wí pé, "Kí ló dé tí o túra sílẹ̀? A ò tíì ṣubú!"

Nígbà tí ijó rọlẹ̀, ìdájọ́ mú àwa méjèèjì. Gẹ́gẹ́ bí òfin bàbá mi, Ebí ló ṣubú, kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Gẹ́gẹ́ bí òfin bàbá rẹ̀, èmi ni mo ṣubú, n kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. A ti ṣe àdéhùn kí ẹnikẹ́ni má baà pàdánù, àwa méjèèjì sì pàdánù pẹ̀lú orin àti ìlù agolo.

Apá wá wú bí iṣu. Bàbá mi ní òun yóò gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń to eegun ní ìlú wa. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko nìyẹn. Gbogbo ilé sì mọ̀ pé Màmá Ebí wà ní yàrá kejì, obìnrin tí àwọn tí ẹrù já lù ní wọ́ọ̀fù máa ń wá bá láti Kírikírì kó lè to eegun wọn. Ìyá mi, tí kì í pariwo, wo bàbá mi láti òkè délẹ̀.

"Ẹ fẹ́ gbé ọmọ mi gun mọ́tò pẹ̀lú eegun tó ṣẹ́, nítorí ìnàkí?"

"Kì í ṣe nítorí ìnàkí, ọ̀rọ̀ iyì..."

"Bàbá Ràsákì, ẹ gbé iyì yín lọ sílé lọ to eegun. Tèmi ń lọ sí yàrá kejì."

Ó gbé mi lọ. Màmá Ebí fi àdí gbígbóná ra apá mi, ó ń kọrin ilé wọn lábẹ́lẹ̀, ó ní kí n wo ẹnu ọ̀nà, bí mo sì ṣe yíjú ló fa eegun náà bọ̀ sípò. Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo ìta fi dáwọ́ dúró. Ó fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ dì í, ó ní kí n máa wá láràárọ̀. Bàbá Ebí kò lè sọ pé kí ìyàwó òun má wo aláìsàn. Bàbá mi kò lè sọ pé kí apá mi má lọ. Apá mi ni wọ́n gbà láàyè, ṣùgbọ́n apá kò lè dá rìn. Báyìí ni mo ṣe ń rí Ebí láràárọ̀: òun ló ń di àtùpà tàbí abọ́ àdí mú, a kì í sọ̀rọ̀, nítorí àwọn bàbá wa wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń ṣọ́ òfin. A ń fi ojú rẹ́rìn-ín. Ìgbà kan ṣoṣo láyé mi nìyẹn tí mo bẹ Ọlọ́run kí n má tètè san.

Mo san. Ẹ̀bẹ̀ ọmọdé kì í jìnnà. Àárọ̀ tí Màmá Ebí yóò tú pákó náà, gbogbo ilé wá wò ó, èmi sì mọ̀ pé lẹ́yìn èyí kò sí ohun tí yóò tún gbé mi wọ yàrá wọn. Ó tú u. Apá jáde, ó rí wínníwínní, ó tẹ̀ díẹ̀ níbi ìgbọ̀nwọ́.

Bàbá Ebí na àyà. "Ẹ wò ó! Ó ti tọ́ pátápátá. Ìyàwó mi, dókítà!"

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú wọn apá náà bí àpò ẹrù tó fura sí. "Ó ti tọ́? Èyí tó wọ́ yìí? Ìjà kò dọlà, ṣùgbọ́n ẹ má fojú di mi, Bàbá Ebí. Apá ọmọ mi kò tíì tọ́."

"Ó ti tọ́!"

"Kò tíì tọ́! Kò sì ní í kúrò níhìn-ín títí tí yóò fi tọ́! Lọ́la ó ń bọ̀! Lọ́túnla ó ń bọ̀! Kí ọmọ yín náà máa bá a nà án, òun ló ṣe é!"

Láti ọjọ́ náà, àṣẹ bàbá mi ni pé kí n máa wà ní yàrá àwọn Ebí. Ó ń yẹ̀ mí wò ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kọ̀ọ̀kan, a fa apá mi, a fi ohùn ìṣẹ́gun wí pé, "Kò tíì tọ́." Kò tọ́ títí a fi jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo rò pé agídí lásán ni. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìyá mi sọ fún mi pé ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tú pákó náà, ọkùnrin yìí dojú kọ ògiri, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí ibùsùn fi ń mì. N kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. N kò ní ẹni tí mo lè bi mọ́.

Mo lọ yunifásítì, ìtàn ni mo kọ́ níbẹ̀. Mo tú ìwé ibẹ̀ láti pẹpẹ dé pẹpẹ nítorí gídígbò, mo sì rí ìlà kan tí òyìnbó kan kọ pé àwọn ènìyàn ibí fẹ́ràn láti máa gbá ara wọn mú ní ìrọ̀lẹ́. Ìlà kan. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dé mi ní fìlà onígun mẹ́rin. Ohun tí mo rò nísinsìnyí ni pé ibikíbi tí ọmọ méjì bá ti wà tí iyanrìn sì wà, gídígbò á dá ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn bàbá ló máa ń dá ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà lè jà láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú láì mọ ẹni tó borí, kó sì sùn fọnfọn. Èmi àgbà yìí kò lè sùn bí n kò bá mọ ẹni tó borí, àní nínú ìbò tí n kò dì.

Bàbá mi ti lọ. Bàbá Ebí tẹ̀lé e, bóyá nítorí ọ̀rọ̀ tí wọn kò parí. Bàbá Onílé ti lọ. Inú ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Tísà ti lọ, wọ́n sì wọ aṣọ fún un dáadáa, wọn kò ṣe é bíi Gíríìkì. Ìyá mi ti lọ. Màmá Ebí ló pẹ́ jù nínú wọn, ó ń ra ara ènìyàn títí ọwọ́ tirẹ̀ fi kọ̀.

Èmi àti Ebí ló kù. Wàrrí ló ń gbé. Ó pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Àyà mi já, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbọ́n, mo ní, "Orúnkún ni, àbí ẹ̀yìn?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Orúnkún ni, jàre. Ẹ̀yìn mi never touch ground. Tìẹ ńkọ́?"

Mo ní tèmi náà kò tíì kàn án.

Ó ní, "Rọra o, Ràsákì. Lọ́tẹ̀ yìí, má tètè túra sílẹ̀."